Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: nínú gbogbo ohun tó ń jẹrà sí yáàdì àlòkù ọkọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, wágọ́ọ̀nù (ayọ́kẹ́lẹ́ ìdílé tí òrùlé rẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn, tí ibi ẹrù wà nínú rẹ̀) àti píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ẹ fi àwọn ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn méjì tí gbogbo ayé ń lé kiri sílẹ̀ ná. Wọ́n ti ní alágbàwí. Mustang 1967 tó bá jẹrà, èèyàn lè ra bọ́ǹẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, ó lè ra ilẹ̀kùn, àní ó lè ra odidi bọ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wá gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn fún wágọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ International ti ayé ìgbà yẹn, ẹ ó rìn títí bàtà yóò fi já.

Iṣẹ́ ló pa wọ́n. Kì í kúkú ṣe pé wọn kò ṣe wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ fàájì a máa sùn sí gáráàjì, wọn a fi aṣọ bò ó. Wágọ́ọ̀nù ní tirẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kó ọmọ lọ síléèwé, tí wọ́n bá dé, wọ́n á da pákó àti símẹ́ǹtì sí i lẹ́yìn, ajá á tún bì sí i lórí ìjókòó. Ti píkọ́ọ̀pù oko kò ṣeé sọ: ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá kú ni wọ́n á wọ́ ọ sẹ́yìn abà, tí wọ́n á lọ ra òmíràn. Nígbà tó wá di ìparí ọdún 1983, Chrysler gbé minivan, bọ́ọ̀sì kékeré ìdílé, dé, wágọ́ọ̀nù sì di ọkọ̀ tí ọmọ ń tijú pé kí wọ́n fi gbé òun. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kọlu ọkọ̀ ṣeré nínú pápá náà fẹ́ràn rẹ̀ torí ó gùn, ó sì wúwo. Ọ̀pọ̀ ló kú síbẹ̀.

Nínú èyí tó ṣẹ́ kù, àwa olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ fúnra wa la pa púpọ̀. Èyí ló ń dùn mí jù. Iwájú wágọ́ọ̀nù Chevelle, ti ilé iṣẹ́ Chevrolet, kò yàtọ̀ sí ti Chevelle onílẹ̀kùn méjì: bọ́ǹẹ́ẹ̀tì kan náà, irú ẹ́ńjìnì kan náà, irú gíà kan náà. Nítorí náà wọ́n á ra wágọ́ọ̀nù tó ṣì ṣeé tún ṣe, wọ́n á tú gbogbo iwájú rẹ̀ palẹ̀, wọ́n á fi gbé ẹlòmíràn dìde, wọ́n á wá ti ìdajì tó kù fún àwọn oní-irin-pàǹtí. Ìdajì tó kún ọjà ni wọ́n mú, ìdajì tí kò sí níbòmíràn ni wọ́n sọ nù. Ẹ gbà mí o!

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá ń wọ yáàdì pé kó má dúró níwájú ọkọ̀. Kó yí sẹ́yìn. Ẹ wo Chevrolet Cameo Carrier tí wọ́n ṣe láti 1955 sí 1958. Láti iwájú, píkọ́ọ̀pù Chevrolet lásán ni. Bí igbó bá bò ó dé ilẹ̀kùn, ẹ ó kọjá lára rẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Lẹ́yìn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́jú, ó bá ibi tí awakọ̀ ń jókòó dọ́gba, fáíbà ni wọ́n sì fi bo ìta rẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án. Tí kò bá dún bí irin, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ lọ bá oníyáàdì ní jẹ́jẹ́. Corvair Rampside, píkọ́ọ̀pù Chevrolet mìíràn, náà rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wò ó lójú, bọ́ọ̀sì kékeré lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ yí sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ ó rí ilẹ̀kùn kan tó ń ṣubú wálẹ̀ títí tí ẹnu rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀, tí èèyàn lè yí àgbá gba orí rẹ̀ wọlé. Ọdún 1961 ló jáde. Ní 1964 tó kásẹ̀ nílẹ̀, 851 péré ni wọ́n ṣe.

Àti Travelette ti International, ìyẹn píkọ́ọ̀pù tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìlà méjì. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1957, ilẹ̀kùn mẹ́ta sì ni ti àkọ́kọ́ yẹn ní. Méjì lápá ọ̀tún, ẹyọ kan lápá awakọ̀. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ dáadáa ń sọ pé paná bítà kan ló jó ilẹ̀kùn kẹrin pa. Irọ́ o, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Ti wágọ́ọ̀nù ló wá ń wú mi lórí jù. Láti ọdún 1971 sí 1976, àwọn wágọ́ọ̀nù ńlá General Motors ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tí mi ò rí irú rẹ̀ mọ́: gíláàsì rẹ̀ ń wọ inú òrùlé lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ irin sì ń rì sísàlẹ̀, á wọ abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Kò sí ohun tó ń yọ síta rárá, ẹ lè fi ìdí ọkọ̀ ti ògiri kí ẹ sì ṣí i. Ní yáàdì, bí ẹ ṣe máa bá a nìyí: mọ́tò kékeré tó ń fa gíláàsì ti kú, gíláàsì dúró sáàárín méjì, ewé gbígbẹ kún ojú irin tó ń gbà kọjá, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ kò sì sí níbi kankan. Wọ́n á ní wọ́n ti jí i lọ. Kí ẹ tó kúrò, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ilẹ̀ ibi ẹrù. Ó lè máa sùn síbẹ̀ láìfarapa, torí inú ihò yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i tú.

Studebaker Wagonaire, láti 1963 sí 1966, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yìn òrùlé rẹ̀ ló ń yọ́ lọ síwájú, tí èèyàn fi lè gbé fìríìjì dúró gangan nínú rẹ̀. Brooks Stevens ló ya àwòrán rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ó ń jò. Òkìkí jíjò rẹ̀ sì kàn ju ti òrùlé lọ. Tí ẹ bá bá ọ̀kan pàdé, ẹ má wo òrùlé lásán, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Brooks Stevens yìí kan náà ló ya Willys tó jáde ní 1946, wágọ́ọ̀nù onírin látòkèdélẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún ará ìlú. Igi gidi ni ọ̀pọ̀ èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí òjò ń fi igi ṣe. Nínú yáàdì, iwájú irin ló máa ń kù, pẹ̀lú ìdè ilẹ̀kùn àti ìdérí tó ti dógùn-ún lórí ilẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè sọ nípa ìyẹn.

Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń di gbogbo ẹ̀bi ru ètò ọdún 2009, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń fún èèyàn lówó kó lè fi ọkọ̀ tó ń mu epo púpọ̀ gba tuntun. Lóòótọ́, ọkọ̀ tó lé ní 670,000 ló bá a lọ, oògùn kan ni wọ́n sì ń dà sínú ẹ́ńjìnì wọn kó lè gan pa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ti lé ní ọdún 25 kò sí nínú rẹ̀. Jeep Grand Wagoneer ti ọdún 1985 lè bá a lọ, Travelall, wágọ́ọ̀nù International, ti 1965 kò lè bá a lọ. Àwọn àgbà ọkọ̀ ti ń lọ ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1942, wọ́n kó ọkọ̀ àtijọ́ lọ yọ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí owó irin bá ti gbówó lórí ni ẹ̀rọ tó ń rún ọkọ̀ pẹlẹbẹ máa ń dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n tún bá àwọn oníyáàdì wí díẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò gbà kí wọ́n rún ọkọ̀ rẹ̀. Ní Old Car City, nílùú White, ní Georgia, ọkọ̀ tó lé ní 4,000 ni wọ́n kó jọ sínú igbó tó fẹ̀ tó éékà 34, igi ti hù gba àárín bọ́ǹẹ́ẹ̀tì wọn kọjá, àwọn ayàwòrán sì ti sanwó wọlé lọ wò wọ́n. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, wọn kò tan ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mò ń bá jà ni ẹni tí kò tà, tí kò bò, tí kò tún ṣe, tí yóò máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé, “Mo ń bọ̀ wá tún un ṣe.” Ogún ọdún ló ti ń bọ̀. Ewé ìdí igi ń mu omi, ó ń di omi mọ́ irin lára, ilẹ̀ ọkọ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ kí n tó lọ. Ojú irin ṣáàsì lórí ásù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) ni ẹrẹ̀ àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú pópó nígbà yìnyín máa ń kó sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi òòlù kékeré kàn án. Ọkọ̀ aṣálẹ̀, bí ti Arizona, irin rẹ̀ á le, ṣùgbọ́n oòrùn á ti jẹ rọ́bà àti dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tán. Ẹ ya fọ́tò àwo irin kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, torí ọdún 1981 ni nọ́ńbà ọkọ̀ tó di oníhóró 17 fún gbogbo wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ẹ béèrè nípa ìwé kí ẹ tó béèrè iye. Agbọ́n a sì máa kọ́lé sínú ilẹ̀kùn o.

Tí oníyáàdì bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pe àwọn tó ń rún ọkọ̀, kò sí àkókò láti gba odidi ọkọ̀ là. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú ìdè rẹ̀ àti mọ́tò rẹ̀ bó tilẹ̀ ti kú, lẹ́yìn náà ìlà ìjókòó kẹta. Ẹ́ńjìnì 350 ti Chevrolet tí gbogbo yín ń dù yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí yáàdì tí ẹ wọ̀ tí ẹ ò ní bá irú rẹ̀.