Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: ohun tí ẹni tó gba ilé tuntun yóò wọ̀n kó tó náwó

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn àgbà kò fi òwe yìí bú eku pé ó kéré. Ọgbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Eku kì í lọ wo ihò òkété kó tó gbẹ́ tirẹ̀. Ara rẹ̀ ló fi ń wọn ihò, koríko tí ẹnu rẹ̀ bá lè gbé lẹ́ẹ̀kan ló ń kó wọlé, títí ibẹ̀ yóò fi móoru. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan àti pálọ̀ n'Ìbàdàn, tó ti san owó ilé ọdún kan, tó san ti agẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ńtì, tí àpò rẹ̀ wá gbẹ, ọgbọ́n eku yìí ló máa gbà á. Owó kékeré kì í ba ilé jẹ́ tó bí àìwọn-nǹkan ṣe ń bà á jẹ́.

Nítorí náà, téèpù ni ẹrù àkọ́kọ́ tó yẹ kó wọ ilé náà: téèpù onírin àwọn káfíńtà ni o, ti télọ̀ máa ń fà bó bá ti pẹ́. Ẹ wọn gígùn àti ìbú yàrá, ẹnu ọ̀nà, fèrèsé, àti ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì jìnnà sí igun ògiri dé. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí yóò máa bá yín lọ sọ́jà. Yàrá tí onílé ń pè ní 12 lọ́nà 12 lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán, àìsí íǹṣì díẹ̀ tó kù yẹn ló sì ń mú kí kọ́bọ́ọ̀dù tuntun kọ̀ láti wọ igun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ fi ya àga sórí ilẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àga ẹlẹ́ni mẹ́ta sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ó sì máa ń jìn tó 3 láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ẹ gbé méjì kojú ara wọn nínú pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12: 3 lọ níhìn-ín, 3 lọ lọ́hùn-ún, ó ku 6. Tábìlì àárín gba 2, ó ku 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó jókòó sì ti fi orúnkún gba bíi 1 nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé abọ́ ọbẹ̀ kọjá níbẹ̀, itan àlejò ni ọbẹ̀ ń lọ. Irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gba àga ẹlẹ́ni méje tí gbogbo ènìyàn ń rà. Àga ẹlẹ́ni mẹ́ta kan, ẹlẹ́nìkan méjì, àti àpótí ìjókòó méjì tó lè wọ abẹ́ tábìlì, ó ti tó.

Ẹnu ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 3 tí bíríkìlà fi sílẹ̀ kì í jẹ́ 3 mọ́ tí wọ́n bá ti kan férémù, tí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ sì ti gba tirẹ̀. Íǹṣì 32 tàbí 33 ló sábà máa ń ṣẹ́kù. Àga tó jìn ní íǹṣì 36, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga ní íǹṣì 36, lè má gba ibẹ̀ kọjá bó ti wù kí wọ́n yí i síwájú yí i sẹ́yìn, àfi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣeé yọ. Ẹ sọ fún káfíńtà kó tó bẹ̀rẹ̀: síkúrù ni kó fi de ẹsẹ̀ àga, kó má fi ìṣó kàn án pa.

Ògiri ló kàn, òwe tirẹ̀ sì le díẹ̀: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ń sáré rà, torí òun ló ń tètè yí ojú ilé padà. Ògiri tó ń mumi kò mọ̀ pé ọ̀dà wọ́n. Láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀dà á wú bí ìléròrò, á máa bó wẹ́wẹ́ sórí fóòmù. Ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ẹ fi sẹ̀lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí inú ọ̀rá bá làágùn, láti inú ògiri ni omi ti ń wá; onílé ni kó wá wo páìpù tàbí ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe ra ọ̀dà. Bó bá jẹ́ ìta ọ̀rá ló tutù, atẹ́gùn ni kò ráyè wọlé, ẹ máa ṣí fèrèsé. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò bíi ọ̀sẹ̀ 4 kó tó gbẹ dénú. Ògiri àtijọ́ tó bá ń fi ìyẹ̀fun funfun sí àtẹ́lẹwọ́ tí a fi rá a, ẹ ha á, kí ẹ nù ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ìyẹ̀fun ni ọ̀dà tuntun yóò lẹ̀ mọ́. Ihò àti sísán ńkọ́? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́: níbí, òwe kúrò ní òwe, ó di iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹ fẹ ẹnu ibi tó sán díẹ̀, ẹ gbọn eruku rẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ tó dí i.

Iye ọ̀dà tí yàrá máa gbà kò ní awo nínú. Ògiri mẹ́rin yàrá 12 lọ́nà 12, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 480. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì, ó ku bíi 430, èyí tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 40. Lítà kan ń kun bíi mítà 10 lórí ògiri tó dán, ó ń kun 7 tàbí 8 lórí èyí tó rí págunpàgun. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa kùn ún: ògiri dídán á gba lítà 8, ìyẹn garawa onílítà 4 méjì, onípágunpàgun á gba mẹ́ta. Péńtà tó bá ní garawa onílítà 20 ni yàrá kan ṣoṣo máa gbà, ẹ bi í pé ilé ta ló fẹ́ fi ìyókù kùn. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń po ọ̀dà pẹ̀lú, torí àwọn kan ń bomi lu ọ̀dà bí ẹni ń lú ògì. Omi kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú 10 lọ.

Bébà ara ògiri ń tan ènìyàn lọ́nà mìíràn. Róòlù kan sábà máa ń fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 53, ó sì ń gùn ní mítà 10. Ògiri kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó ga ní 9, jẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 10, róòlù méjì sì jẹ́ 10 ó lé díẹ̀, ẹni tó bá fi mítà onígun mẹ́rin nìkan ṣírò á ra méjì. Ṣùgbọ́n gígùn ẹsẹ̀ bàtà 9 mẹ́ta péré ni a lè gé nínú róòlù kan, ìyókù kò tó ẹ̀kẹrin. Ògiri náà á gba irú gígùn bẹ́ẹ̀ 7, róòlù méjì fúnni ní 6. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ògiri tí etí rẹ̀ kan jẹ́ àwọ̀ mìíràn: ọjọ́ tí wọ́n padà sọ́jà, irú rẹ̀ ti tán. Ẹ ra mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tó ń làágùn, ẹ̀yìn rẹ̀ á hu èébu.

Ayálégbé kan tún wà tí yóò kó owó oṣù mẹ́fà lé àjà POP lórí ilé onílé. Ohun tí kò ní bá yín kó jáde, ẹ má fi owó ńlá ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ́tìnì dáadáa, torí níbẹ̀ ni ìṣirò ti ń dùn jù. Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 4 ni ká mú. Irin rẹ̀ yẹ kó gùn ní 6, kó yọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́tùn-ún àti lósì, kí aṣọ lè kúrò lójú fèrèsé pátápátá tí a bá ká a, kí afẹ́fẹ́ sì wọlé. Ìṣó lásán kò ní dúró nínú ògiri búlọ́ọ̀kù. Kí wọ́n fi dírìlì lu ú, kí wọ́n ki fíṣà, ike kékeré tó ń di síkúrù mú, sínú ihò kí síkúrù tó wọ̀ ọ́. Aṣọ tó máa wà lórí irin náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ kó tó lè ṣẹ́ kẹ́kẹ́, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 12. Bó bá kéré sí èyí, á rí bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Ní Gbági tuntun, ẹ máa bá oríṣi aṣọ kọ́tìnì méjì pàdé. Èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 60 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, ó máa gba ìfẹ̀ mẹ́ta kó tó kọjá 12. Bí irin bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ilẹ̀, tí a fi íǹṣì 8 sí i fún ìṣẹ́po òkè àti ìsàlẹ̀, ìfẹ̀ mẹ́ta yìí á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 26: ọ̀pá 9 ni ẹ máa rà. Èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 110 ńkọ́? Ìfẹ̀ rẹ̀ yẹn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń dá a sí. Ìfẹ̀ rẹ̀ á di gíga kọ́tìnì, ẹ ò sì ní rà ju ọ̀pá 4 àti díẹ̀ lọ. Owó ọ̀pá rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì, kó sì tún jẹ́ òun ló rọjú. Ẹni tí kò wọ̀n á kàn ra èyí tí wọ́n pe owó ọ̀pá rẹ̀ ní kékeré.

Ẹ rán télọ̀ létí pé iye òrùka ara kọ́tìnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé pín sí méjì: 8, 10 tàbí 12. Bó bá jẹ́ 9, etí kan á yíjú sí ògiri, èkejì á yọ síta bí ahọ́n ajá. Aṣọ olówùú sì ń sún kì, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó gé e.

Nípa àga, òwe àwọn àgbà ni pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbà nínú ọ̀rọ̀ tiwa ni àga àtijọ́ tí wọ́n fi ìrókò tàbí ọ̀gànwó kàn, tí wọ́n ti pa tì sẹ́yìnkùlé ẹbí kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ fóòmù àti aṣọ rẹ̀, yóò pẹ́ ju àga tuntun tó ń dán láyé tí egungun rẹ̀ jẹ́ igi arère tí wọn ò fi oògùn kòkòrò kùn. Tuntun ni o, tòkúnbọ̀ ni o, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gbé igun iwájú kan sókè ní íǹṣì 6: bí ẹsẹ̀ iwájú kejì kò bá tẹ̀ lé e kúrò nílẹ̀, egungun rẹ̀ ti ń lọ́. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà, tí ihò wà lára igi bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ti ń jẹun níbẹ̀. Ẹ wo igun tí igi méjì ti pàdé. Bó bá jẹ́ ìṣó nìkan, tí kò sí gọ́ọ̀mù tàbí igi kékeré tó dá igun náà dúró, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa dún kín-ín-kín-ín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ìrán rẹ̀ nítorí ìdun. Fóòmù ibùsùn ní tirẹ̀, ẹ má ra àlòkù rárá. Èyí tó nípọn ní íǹṣì 8 tó ki, ó dára ju oníṣì 12 tó rọ̀ bí búrẹ́dì lọ. Àlàfo àárín pákó tó gbé e dúró kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 3.

Gílóòbù LED oníwáàtì 9 ń tàn tó ti àtijọ́ oníwáàtì 60, ẹ ra òun fún gbogbo ilé kí mítà má bàa jẹ káàdì yín tán.

Àwọn kan á ní kí ẹ kó àga lọ ná, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tó ń ta àwìn kiri nígbà kan, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí yóò fi sanwó, ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Àwọn tòde òní kò lóṣòó mọ́, fóònù ni wọ́n ń pè. Àjọ sàn jù. Fóòmù, kọ́tìnì, fáànù àti ìkòkò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ọwọ́ rà. Ẹní àti tìmùtìmù lè di pálọ̀ mú títí àjọ á fi kàn yín.

Tìmùtìmù yẹn gan-an lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé. Àdìrẹ ọ̀pá 5 kan láti Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, bó bá fẹ̀ ní íǹṣì 45, á bọ́ sí ègé oníṣì 19 méjì ní ìbú àti 9 ní gígùn: ègé 18, tó jẹ́ àpò ìrọ̀rí oníṣì 18 mẹ́sàn-án, ojú àti ẹ̀yìn. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kí ẹ tó gé e. Kó tó kan àga aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù rá a lójú gidigidi. Bí aṣọ funfun bá ṣì ń mú aró, ẹ dá a padà sínú omi.