Gbígbé imú ìyẹ́ sókè kọ́ ló ń mú bàálù kúrò lórí omi

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Àbúrò wa kan tó ń to bàálù ẹlẹ́ni méjì pọ̀ nínú gáréèjì rẹ̀ níbí ní Minnesota pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kì í ṣe láti bèèrè, ó kàn fẹ́ fi tó mi létí ni. “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 8 kún ọ̀pá iwájú float mi. Bí imú ìyẹ́ bá ṣe ga tó ni bàálù ṣe máa tètè kúrò lórí omi.” Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì bàálù ní ìpínlẹ̀ tó kún fún adágún yìí, kò sí ọdún tí ẹnì kan kì í gbé e wá bá mi, bí yìnyín bá ti ń yọ́ tí a sì ń bọ́ ski, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó fi ń rìn lórí yìnyín, kúrò lẹ́sẹ̀ bàálù láti fi float sí i.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, float ni ẹsẹ̀ gígùn méjì tó rí bí ọkọ̀ ojú omi, tí a fi ń rọ́pò táyà kí bàálù kékeré lè máa gbéra kó sì máa balẹ̀ lórí omi. Ọ̀pá iwájú àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló so ó mọ́ ara bàálù. Bí ọ̀pá iwájú bá gùn sí i, ìyẹ́ á gbé imú sókè ju float lọ. Igun tó wà láàárín ìyẹ́ àti float yẹn là ń sọ. Bí ọ̀pá iwájú bá fi mítà kan àtààbọ̀ jìnnà sí ti ẹ̀yìn, sẹ̀ǹtímítà 2.6 péré ni dìgírì 1. Sẹ̀ǹtímítà 8 tí àbúrò mi ń pè bí ẹni ń pe nǹkan kékeré yẹn, dìgírì 3 ni. Dìgírì 4 ló wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú bàálù náà. Ó fẹ́ sọ ọ́ di 7.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí bàálù bá ń gbéra lórí omi. Omi fi nǹkan bí ìlọ́po 800 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Omi ló di bàálù mú. Bí o bá ti fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára rẹ̀, float á kọ́kọ́ máa ti omi síwájú, imú rẹ̀ á gbé sókè, ìdí rẹ̀ á rì, ìdènà omi á sì máa pọ̀ sí i títí á fi dà bíi pé ẹ́ńjìnnì ò ní lè borí rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Bí bàálù bá ti lè kọjá ibẹ̀, float á dìde sórí step, ìyẹn ibi tí abẹ́ rẹ̀ ti já bí àtẹ̀gùn ní nǹkan bí àárín, á wá máa yọ̀ lórí omi, ìdènà á sì wálẹ̀.

Níbi tí ìdènà ti le jù yẹn, eré bàálù kò tíì ju nǹkan bí ìdajì eré tó fẹ́ fi gbéra lọ, ó sì sábà máa ń kéré sí i. Bí eré bá jẹ́ ìdajì, agbára tí ìyẹ́ fi ń gbé bàálù kì í ṣe ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Omi ló ṣì ru ìdá mẹ́ta tó kù. Kí ni dìgírì tí o fi kún ìyẹ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹ́ irú àwọn bàálù wọ̀nyí kì í lè gbé nǹkan mọ́ bí igun rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ bá ti tó nǹkan bí dìgírì 15 tàbí 16, nítorí afẹ́fẹ́ á ti já kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ní ibi tí mo ń wí yìí, imú float fúnra rẹ̀ lè gbé sókè tó dìgírì 10. Fi 4 kún un, ó di 14, ìyẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Fi 7 kún un, ó di 17. O ti pa ìyẹ́ kí eré tó dé.

Ẹ̀rí èyí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1931 ni NACA, àjọ ìwádìí bàálù ti ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ṣáájú NASA, ṣí adágún àtọwọ́dá kan sí Langley ní Virginia, tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 2,000 lọ. Wọ́n ń fa àwòṣe float lórí omi rẹ̀, wọ́n ń yí igun rẹ̀ padà, wọ́n sì ń wọn bí omi ṣe ń dènà rẹ̀ tó. Ohun tó jáde ni pé eré kọ̀ọ̀kan ní igun tí ìdènà omi ti kéré jù. Bí imú bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí float á máa wọ́. Bó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, imú á máa gbẹ́ omi. Ọwọ́ awakọ̀ lórí stick, irin tó fi ń darí bàálù, ló ń wá igun yẹn. Ọ̀pá tí o gé gùn nínú gáréèjì kò lè bá a wá a.

Mo ti jókòó nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ni ín ti mú ọ̀pá iwájú gùn, ó sì ní kí n wá wo bí ó ṣe ń fò kúrò lórí omi. Lóòótọ́, ó tètè kúrò. Àmọ́ a kò ga ju òrùlé mọ́tò lọ. Imú dojú kọ òkè, abẹ́rẹ́ aago eré dúró sójú kan, bàálù kàn rọ̀ sórí omi, kò lè gòkè, kò lè sáré. Lẹ́yìn náà ó já sílẹ̀. Imú float méjèèjì ló kọ́kọ́ kan omi, omi bo gíláàsì iwájú débi pé a ò rí etíkun mọ́, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fò sódò kí ọ̀gbẹ́ni náà tó pa agbára ẹ́ńjìnnì. Ọkàn mi kò tètè balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dá ọ̀pá padà sí ìwọ̀n inú àwòrán, ó pẹ́ díẹ̀ sí i lórí step, ṣùgbọ́n bó ṣe gbéra ló ń gòkè lọ.

Ìbalẹ̀ gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ká ní ìyẹ́ wà ní dìgírì 10 nígbà tí o fẹ́ kan omi. Pẹ̀lú igun 4, imú float ṣì gbé sókè ní dìgírì 6. Pẹ̀lú 7, ó ku 3. Bí atẹ́gùn bá wá ti imú rẹ sílẹ̀ díẹ̀, tí ìyẹ́ di dìgírì 6, float onígun 4 ṣì gbé imú ní 2, ti onígun 7 sì ti dorí kodò ní 1. Imú float tó bá fi eré wọ omi, gbogbo bàálù ni yóò dà nù, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sì máa wá ilẹ̀kùn lábẹ́ omi ní ìdojúdé. Mi ò tíì dé orí epo tí o máa fi ṣòfò lójú òfuurufú, nígbà tí float bá ń dorí kodò lọ nínú afẹ́fẹ́ láti ibi tí o ti gbéra títí dé ibi tí ò ń lọ.

Wọ́n á ní àwọn mọ bàálù kan tí kò gbéra àfi ìgbà tí wọ́n gbé imú rẹ̀ sókè. Bàálù tí wọ́n ti kọ́kọ́ so float mọ́ ní àìtọ́ nìyẹn, wọ́n kàn dá a padà sí ibi tó yẹ kó wà ni. Mo gbà pé àwọn bàálù tó ní slat, ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi síwájú ìyẹ́ gan-an, lè gba igun tó ju èyí lọ. Ti àbúrò mi kò ní slat.

Wọ́n ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Kọ́kọ́ fa omi inú float rẹ. Títí di 2017, òfin Amẹ́ríkà fẹ́ kí float kọ̀ọ̀kan ní yàrá mẹ́rin ó kéré tán tí omi kò lè gba inú ọ̀kan dé èkejì, yàrá mẹ́jọ nìyẹn lábẹ́ bàálù kan. Bí lítà 5 péré bá jò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, o ti gbé kílò 40 tí o kò mọ̀. Tún wo propeller rẹ, abẹ̀bẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí, bóyá èyí tí wọ́n mú igun rẹ̀ tóbi fún ìrìn àjò jíjìn lo fi ń gbéra lórí omi, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí igun rẹ̀ kéré ló ń fa bàálù kúrò nínú omi. Wọn ẹrù àti epo rẹ. Bí omi bá sì tẹ́jú bíi dígí, kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan gbé float kan kúrò kí èkejì tó tẹ̀ lé e.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tí ó ṣì kọ̀, gbé spirit level, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe tẹ́jú tó, èyí tó ń kọ nọ́ńbà sójú, lé orí float, sọ ọ́ di òdo, kí o wá gbé e sí abẹ́ ìyẹ́ níbi tí àwòrán ní kí o gbé e sí. Bí nọ́ńbà náà bá bá ti àwòrán mu, fi ọ̀pá iwájú sílẹ̀. Bí kò bá bá a mu, pe ẹni tó ṣe float náà kí o tó mú ayùn.