Ẹyin obìnrin tó ní PCOS kì í ṣe ẹyin tó ti bàjẹ́
Àwọn kan ń sọ pé gbogbo ẹyin obìnrin tó bá ní PCOS (àìsàn tó máa ń da họ́mọ̀nù obìnrin rú, tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, polycystic ovary syndrome, túmọ̀ sí àrùn ilé ẹyin tó ní kókó púpọ̀) ló ti bàjẹ́, pé kò sí èyí tó lè di ọlẹ̀ tó péye nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun róbótó tí ẹ̀rọ awòran máa ń fi hàn nínú ilé ẹyin, tí wọn kì í ju mìlímítà 2 sí 9 lọ, kì í ṣe kókó àìsàn (orúkọ àrùn náà gan-an ló ń ṣini lọ́nà). Àpò ẹyin kéékèèké tí ìdàgbàsókè wọn dúró lójú ọ̀nà ni wọ́n. Iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń rán síra wọn ló dàrú: bí ínsúlínì àti LH (họ́mọ̀nù inú ọpọlọ tó ń mú kí ẹyin jáde) bá pọ̀ jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ògiri àpò náà á máa ṣe họ́mọ̀nù akọ ní àṣejù, èyí sì lè ṣàkóbá fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin ká tí wọ́n ń bọ́ ọ. N kò jiyàn pé ó lè dí gbígbó ẹyin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń fa àìrọ́mọbí àwọn obìnrin tó ní PCOS ni pé ẹyin kì í jáde déédéé, oògùn letrozole sì ń ran ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ lórí ìyẹn.