Gates of Olympus 1000 kò sanwó ju ti àkọ́kọ́ lọ

Láti ìgbà tí Gates of Olympus 1000 ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń ràn láàárín àwọn tó ń ta sílọ́ọ̀tì, eré tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń yí àmì rẹ̀, lórí fóònù: pé tuntun yìí ń sanwó ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá ni pé ti àkọ́kọ́, tó jáde ní 2021, kò lè san ju ìlọ́po 5,000 owó tí èèyàn fi ta á lọ, ṣùgbọ́n tuntun lè san ìlọ́po 15,000. Òótọ́ ni iye méjèèjì. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà, owó gidi sì ni àwọn èèyàn ń pàdánù lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Pragmatic Play, ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré méjèèjì, yí padà gan-an. Òpó mẹ́fà, ìlà márùn-ún, àmì ọgbọ̀n lójú kan: bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Zeus, ọba àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó ń sán àrá (ẹni tó bá mọ Ṣàngó kò nílò àlàyé). Àmì kan náà gbọ́dọ̀ pé mẹ́jọ, níbikíbi tí wọn ì báà wà, kó tó jẹ. Àwọn tó bá jẹ á pòórá, àwọn mìíràn á já bọ́ sí àyè wọn. Scatter, ìyẹn àmì pàtàkì kan, mẹ́rin ṣì ni ó ń mú yíyí ọ̀fẹ́ 15 wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlọ́po tí Zeus ń jù sílẹ̀ láti fi sọ owó tí èèyàn jẹ di púpọ̀, tí kì í kọjá 500 tẹ́lẹ̀, lè dé 1,000 báyìí, wọ́n sì gbé òpin owó tí eré lè san sókè.

Nọ́ḿbà tó yẹ kó yí padà, ká ní lóòótọ́ ni tuntun ń sanwó jù, kò yí padà rárá. RTP ni wọ́n ń pè é: nínú ₦100 tí gbogbo èèyàn bá ta, mélòó ni eré ń dá padà tí a bá ṣírò ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù yíyí pọ̀? Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦96.50. Ti tuntun náà jẹ́ ₦96.50.

Bí iye tó ń padà bá dúró sójú kan, tí ẹ̀bùn tó tóbi jù lọ sì tún tóbi sí i, níbo ni wọ́n ti rí owó ẹ̀bùn náà? Ilé tẹ́tẹ́ kò yọ ọ́ nínú àpò tirẹ̀. Inú àwọn owó tó kéré sí i, àwọn tó ń gbé èèyàn ró láti yíyí kan dé òmíràn, ni wọ́n ti bù ú.

Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí wò ó. Ká sọ pé eré kéékèèké méjì ló wà, ₦100 ni wọ́n fi ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú eré àkọ́kọ́, bí èèyàn 100 bá ta, 50 nínú wọn á gba ₦193. Nínú eré kejì, ẹnì kan ṣoṣo nínú 100 ló máa gba nǹkan, ₦9,650 ni yóò sì gbà. Ẹ ṣírò ó: ₦9,650 ló jáde nínú ₦10,000 ní ibi méjèèjì, 96.50 gééré. Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ta á ní ìgbà 20. Nínú eré àkọ́kọ́, kí ó tó lọ láìjẹ ẹyọ kan, ìgbà kan nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ni. Nínú eré kejì, tí èèyàn 100 bá ta á ní ìgbà 20 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 82 ló máa padà sílé lọ́wọ́ òfo. RTP kan náà o, ₦2,000 kan náà ni oníkálukú ta. Gates of Olympus méjèèjì kò jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n gbé tuntun gbà.

Ìlọ́po 1,000 yẹn fúnra rẹ̀ gba àlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé bó bá ti já sílẹ̀, owó ti dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po kò níyì kankan bí kò bá sí àmì tó jẹ nínú yíyí kan náà. Òkúta aláwọ̀ búlúù ló kéré jù: bí mẹ́jọ rẹ̀ bá pé, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ẹ ta ló ń san, ìyẹn ₦25 fún ẹni tó ta ₦100. Bí 1,000 bá bá a já, ₦25,000 ni. Bí 1,000 bá já tí àmì kankan kò pé mẹ́jọ, òfo ni, Zeus ì báà sán àrá títí. Nígbà yíyí ọ̀fẹ́, wọ́n máa ń kó àwọn ìlọ́po jọ sójú kan, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó jọ kì í ṣiṣẹ́ àfi nínú yíyí tí ìlọ́po tuntun bá tún já sí, tí àmì sì jẹ. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè ní àkójọ tó pọ̀ lójú pátákó, kí yíyí mẹ́fà tó kẹ́yìn sì jẹ́ owó péépèèpé.

Ẹ tún kíyè sí ₦25 yẹn. Orin á kọ, iná á tàn, wọ́n á ní ẹ ti jẹ, bẹ́ẹ̀ ₦75 ti lọ. Ní Bìrìtìkó, Gambling Commission, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ti ka irú ariwo ayọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti oṣù Kẹwàá 2021 tí owó tó padà kò bá ju èyí tí èèyàn ta lọ.

Ibi tó léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí àwọn èèyàn kì í wò. 96.50 yẹn nìkan kọ́ ló wà, oríṣi RTP mẹ́ta ni wọ́n ṣe eré náà sí: 96.50, 95.51 àti 94.50. Ilé tẹ́tẹ́ ló ń yan èyí tó fẹ́ gbé jáde, ojú eré kò sì yàtọ̀ rárá. Ẹni tó ń yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan ní ₦100 ti ta ₦60,000 kí wákàtí kan tó pé. Lórí 96.50, ₦2,100 ni ìṣirò sọ pé yóò bá a lọ. Lórí 94.50, ₦3,300 ni. Nítorí náà ẹni tó sá kúrò lórí àtijọ́ tó jẹ́ 96.50 lọ bá tuntun tó jẹ́ 94.50 ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó rẹ̀ jù.

Láti mọ èyí tó wà níwájú yín, ẹ wọ àkáǹtì yín gan-an, ẹ má lo eré ọ̀fẹ́ orí ojúlé mìíràn, torí oríṣi tibẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ ṣí eré náà, ẹ tẹ àmì lẹ́tà i, ẹ máa yí ojú ìwé àlàyé náà lọ sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí RTP. Bí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ fi eré náà sílẹ̀.

Bọ́tìnì ante bet ń fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó yíyí, ₦100 á di ₦125, ó sì ń sọ àǹfààní yíyí ọ̀fẹ́ di ìlọ́po méjì. Kò sọ RTP di rere. Owó tí ẹ ń ta ní wákàtí kan ló sọ di púpọ̀. Rírà yíyí ọ̀fẹ́ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlọ́po 100 ni, ₦10,000 fún ẹni tó ń ta ₦100, yíyí 15 sì tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rà kì í pa owó rẹ̀ padà, torí ìwọ̀nba díẹ̀ tó jẹ ńlá ló gbé ìṣirò ró. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, bí ojúlé kan bá ń ta yíyí ọ̀fẹ́ fún yín, kò ní ìwé àṣẹ Gambling Commission, torí wọn kò gbà á láyè níbẹ̀. Láti 2025, òfin ibẹ̀ kò tún jẹ́ kí èèyàn ta ju £5 lọ ní yíyí kan, £2 sì ni fún àwọn ọmọ ọdún 18 sí 24.

Àwọn kan ní eré tuntun máa ń lawọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kó lè fa èrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré ni èsì ti ń wá, yíyí kan kò sì mọ èyí tó ṣáájú rẹ̀, áńbọ̀sì ọjọ́ tí eré jáde. Èrò ló pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí èrò bá pọ̀, àwọn tó jẹ ńlá á pọ̀, fídíò wọn á kún fóònù, àwọn tó pàdánù kì í sì í gbé tiwọn síta.

Ó ku ìlọ́po 15,000 yẹn. Bí ẹnì kan bá kan án, eré á dúró lójú ẹsẹ̀, yíyí ọ̀fẹ́ tó kù á sì wọgbó. Ilé tẹ́tẹ́ náà lè ní òpin tirẹ̀. Ẹni tó ta ₦1,000 yẹ kó gba ₦15,000,000, ṣùgbọ́n bí òfin ilé náà bá sọ pé àwọn kì í san ju ₦10,000,000 lọ, ₦10,000,000 ni yóò gbà. Inú ìwé àdéhùn tí gbogbo èèyàn ń tẹ "mo gbà" sí láìkà á ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, lábẹ́ owó tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san.