Orógbó kì í fọ ẹ̀dọ̀ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tàn yín

Ó tún ti dé o. Fídíò yẹn tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, pé téèyàn bá ti mutí jù tàbí tó lo oògùn òyìnbó ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀dà ló ń ṣe tó ń fa kẹ́míkà símú látàárọ̀, kó ṣáà ti máa rún orógbó lálaalẹ́, kó fi omi ewúro lé e, gbogbo májèlé inú ẹ̀dọ̀ á bá ìtọ̀ jáde. Àwọn èèyàn wá ń ṣe àmín sábẹ́ ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti le ni pé irọ́ ọ̀hún ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Wọ́n ṣèwádìí orógbó lóòótọ́. Maurice Iwu tá a padà mọ̀ sí alága INEC, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa egbòogi ni ní yunifásítì Nsukka, ó wà lára àwọn tó gbé e jáde ní 1985 pé àwọn èròjà kan wà nínú orógbó tó ń gbèjà ẹ̀dọ̀. Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn náà ti pẹ́ lórí àwọn èròjà tí wọ́n yọ látinú orógbó, èyí tí wọ́n ń pè ní kolaviron, wọ́n fún eku ní carbon tetrachloride, kẹ́míkà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gan-an, èyí tó lo kolaviron nínú wọn, ẹ̀dọ̀ tiẹ̀ ò bàjẹ́ tó ti ìyókù.

Eku ni mo pè é o. Lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, eku yẹn á ti máa lo kolaviron kí májèlé tó dé, tàbí kí wọ́n fún un ní méjèèjì pọ̀, kì í ṣe pé ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́ tán kí wọ́n tó sáré lọ ra orógbó. Ìwọ̀n tí wọ́n sì sábà máa ń lò, mílígíráàmù 100 sí 200 ni fún kílò kan, tá a bá kàn ṣírò ẹ̀ gbuurugbu fún ẹni tó wọn kílò 70, gíráàmù 7 sí 14 nìyẹn lójúmọ́, ti kolaviron tí wọ́n ti yọ jáde ní lábù, kì í ṣe orógbó tútù. Ta ló fẹ́ rún ìyẹn?

Àti pé májèlé kì í jókòó sínú ẹ̀dọ̀ bí èéfín ìdí ìkòkò téèyàn á wá máa há kúrò. Ẹ wo Paracetamol. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lò ju ẹyọ 8 lọ lójúmọ́, onímílígíráàmù 500. Ẹ̀dọ̀ ló ń yí díẹ̀ nínú ẹ̀ padà di nǹkan olóró, nǹkan kan nínú ara tó ń jẹ́ glutathione ló sì ń pa oró ẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, glutathione á tán, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó lè jẹ́ pé èébì lásán ló ń gbé ẹni náà, wọ́n á ní ewúro ti ń ṣiṣẹ́. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin kí ẹyinjú tó wá pọ́n bíi ti ibà pọ́njú.

Oògùn ẹ̀ wà, acetylcysteine, òun ló ń fún ẹ̀dọ̀ ní ohun tó máa fi ṣe glutathione míì. Ara cysteine ni wọ́n ti ṣe é, ìyẹn sì wà nínú ẹyin àtẹran, torí náà ẹ má sọ pé mo kórìíra nǹkan àdáyébá. Àmọ́ láàárín wákàtí 8 ló ń ṣiṣẹ́ jù, ọsibítù ni wọ́n sì ti ń fún èèyàn. Wákàtí yẹn gan-an làwọn kan fi ń gún ewé.

Àwọn "àdáyébá" kan tiẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra wọn, bíi kápúsù green tea tó lágbára jù àti ti turmeric tí wọ́n fi ata dúdú sí kó lè tètè wọra. Ti àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ńkọ́, ṣé ọtí ọ̀hún ò wá mọ ẹ̀dọ̀ mọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara ike wọn dáadáa, ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun táwọn ń sọ wò, wọ́n kàn kọ ọ́ wínníwínní ni.

Ọlọ́dà, ẹ bo imú, ẹ ṣí fèrèsé. Tẹ́nì kan bá sì lo Paracetamol jù, ara ẹ̀ ì báà le, ẹ mú páálí oògùn yẹn dání lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sọ aago tó lò ó fún wọn.