Ìkòkò Kékeré Kọ́ Ló Ń Sọ Igi Di Bọ́ńsáì

Ibikíbi tí ọ̀rọ̀ bọ́ńsáì, ìyẹn igi tí wọ́n ń tọ́ nínú ìkòkò kó lè kéré àmọ́ kó jọ igi àgbà, bá ti délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tó ń gbin òdòdó ní Àbújá, ìmọ̀ràn kan náà lẹ máa gbọ́: ẹ mú igi kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí gbòǹgbò rẹ̀ má ráyè nà, kò ní ga mọ́. Wọ́n á ní bó bá pẹ́ níbẹ̀, ìdí rẹ̀ á ki bíi ti igi àgbà. Àwọn kan tún ń fi omi dù ú, wọ́n gbà pé ebi ló ń sọ igi di aràrá.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí igi tí ìbá di ohun àmúyangàn ló ń bá a lọ. Ẹ̀ ń rí ọdán tí ìdí rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ nínú àwo tó lẹ́wà, ọdún ń gorí ọdún, kò fi ohunkóhun kún un.

Ohun tó ń mú igi wà ní kúkúrú ni àlùmọ́gàjí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀mùnú bá ti yọ jù, ó gé e. Bí ẹ̀ka kan bá fẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ó dá a padà. Ẹ mú bọ́ńsáì tó dára jù láyé, ẹ gbìn ín sílẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, á ga bíi ti inú igbó, nítorí irú igi kan náà ni.

Ìdí tó ki ní tirẹ̀, ewé ló ń ṣe é. Ewé ni igi fi ń se oúnjẹ, oúnjẹ yẹn ló sì fi ń sanra. Bí ewé àti ẹ̀ka bá ti pọ̀ tó ni ìdí á ṣe ki tó. Igi tí a há mọ́ inú àwo pẹrẹsẹ kò lè gbé ewé púpọ̀, kí ló máa wá fi sanra? Igi tí ara rẹ̀ ti pé tán ló ń lọ sínú àwo bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ará Japan ṣe ń ṣe igi mápù (maple) wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní momiji. Inú ilẹ̀ tàbí inú àpótí ńlá ló máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á fi pátákó sábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ kó má bàa wọlẹ̀ ṣinṣin, kó lè tẹ́ yí ìdí igi ká. Wọ́n á jẹ́ kó ga ju èèyàn lọ. Tí ìdí bá ti ki dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fi ayùn gé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á yan ọ̀mùnú kan láti di orí tuntun, òun náà á tún ga, wọ́n á tún gé e. Bí igi ṣe ń ní ìdí ńlá àti orí tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Nígbà mìíràn wọ́n á fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kó máa gùn bó ṣe wù ú, torí pé ibi tó ti yọ ló ń mú ki. Iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, wọ́n gé e dànù.

Ní ti ebi: igi páìnì kan wà ní ọgbà igi ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington, tí Masaru Yamaki, ará Japan tó ń tọ́ bọ́ńsáì, fi ta wọ́n lọ́rẹ ní 1976. Láti 1625 ni wọ́n ti ń tọ́ ọ. Ilé Yamaki ní Hiroshima ló wà nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì balẹ̀ ní 1945, kò sì kú. Igi tí wọ́n ń febi pa kì í lo 400 ọdún.

Ẹ lè wá bi mí pé, kí wá ni wọ́n ṣe ń gé gbòǹgbò tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ilẹ̀ inú ìkòkò? Kí igi lè yè dáadáa ni. Gbòǹgbò á kún ìkòkò, ilẹ̀ á di ẹrẹ̀, omi ò ní ráyè kọjá. Bí a bá gé àwọn tó nípọn, wẹ́wẹ́ á yọ nítòsí ìdí, àwọn wẹ́wẹ́ yìí ló ń mu omi. Mápù kékeré lè fẹ́ èyí lọ́dọọdún tàbí lọ́dún méjì méjì. Àgbà rẹ̀ lè tó ọdún 3 sí 5. Tí ẹ bá bomi rin ín tí omi dúró lórí, tàbí tí igi ń ti ara rẹ̀ sókè nínú ìkòkò, ó ti tó àsìkò.

Ibi tí àwa níbí ti ń ṣìnà jù ni oṣù. Ìparí ìgbà òtútù ni wọ́n ń pààrọ̀ ilẹ̀ mápù ní Japan, ní bíi oṣù kejì sí oṣù kẹta, nígbà tí ojú ewé ti ń wú àmọ́ tí kò tíì là. Igi kò ní ewé tí omi ń gbà jáde, oúnjẹ tó kó pamọ́ sì ti fẹ́ gòkè. Àwa náà á wá gé gbòǹgbò ọdán ní oṣù kẹta, ní Àbújá, nígbà tí oòrùn mú jù, tí òjò kò tíì dé, tí ewé sì kún orí igi! Ohun tí igi ń ṣe ni ká wò. Ọdán kò mọ òtútù, ooru àti afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin ló fẹ́. Ẹ jẹ́ kí òjò fìdí múlẹ̀, láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje, kó lè ráyè gbé gbòǹgbò tuntun jáde kí ọyẹ́ tó dé. Àjàgbọn àti bougainvillea náà, ìgbà tí ọ̀mùnú bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pẹ̀lú òjò ni.

Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbòǹgbò lọ. Ẹ yọ díẹ̀ lára ewé. Àpáàdì tí ẹ gún tí ẹ sì jọ̀, pẹ̀lú iyanrìn tó le, dára ju ilẹ̀ dúdú tó ń mọ lọ. Ẹ so igi mọ́ ìkòkò kí atẹ́gùn má máa mì ín, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ má sì fún un ní ajílẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́.

Mápù fúnra rẹ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó máa ra irúgbìn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Àbújá. Ó ń fẹ́ oṣù mélòó kan òtútù gidi láti fi sinmi, a kò ní in.

Ẹni tí ọdán rẹ̀ sì ti wà nínú àwo pẹrẹsẹ, kò tíì pẹ́ jù. Bí òjò bá ti múlẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ tú gbòǹgbò tó ti lọ́ mọ́ra wọn, ẹ gbìn ín sílẹ̀ tàbí sínú ike ńlá níbi tí oòrùn wà. Ẹ má gé orí rẹ̀ títí ìdí á fi ki tó bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí nígbà tó bá padà sínú àwo.