Hitler kọ́ ni àwọn bàbá wa bá jà ní Bọ́mà

Ayẹyẹ ìrántí bàbá àgbà ọ̀rẹ́ mi kan ni mo lọ. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí bàbá ti wọ káà ilẹ̀ sùn, àwọn ọmọ sì ní àfi káwọn ṣe é kó dùn. Ìrẹsì kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ni mo bá ń ṣí ìwé ètò wò. Lójú ewé kejì ni àwòrán bàbá wà nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́: aṣọ sójà, fìlà ńlá tí wọ́n ká etí kan rẹ̀ sókè. Wọ́n ya mẹ́dàlì bàbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ gàdàgbà pé: "Akọni tó kojú Hitler ní Bọ́mà." Adarí ètò gbé e lẹ́nu, ó kígbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, onígángan gbà á lẹ́nu rẹ̀, ni ìnáwó bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìrẹsì dé, mo jẹ tèmi. Ta ni yóò máa jiyàn ìtàn lóde aríyá olóde?

Ohun tí n kò lè sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí. Hitler kò dé Bọ́mà rí, ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì kò sì jà níbẹ̀. Ibi tó jìnnà jù tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ níhà ìlà oòrùn ni etí odò Volga ní Rọ́ṣíà àti àwọn òkè Caucasus, lọ́dún 1942. Láti ibẹ̀ dé igbó Arakan ní Bọ́mà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni. Àwọn Jàpáànù ni bàbá bá fà á ní Bọ́mà.

Mẹ́dàlì tí wọ́n yà sínú ìwé yẹn gan-an ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni, lẹ́tà orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì kọ "The Burma Star" yí i ká. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó rọ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù tó ṣókùnkùn, pupa gba àárín rẹ̀ kọjá, ìlà olómi ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Oòrùn ni wọ́n ní ìlà olómi ọsàn yẹn dúró fún. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fún gbogbo sójà ní ìràwọ̀ kan náà. Ẹni tó jà ní àríwá Áfíríkà tàbí ní Etiópíà, ti Áfíríkà ló gbà. Ẹni tó jà ní Ítálì ní tirẹ̀. Ẹni tó la Faransé kọjá dé ilẹ̀ Hitler ní ìràwọ̀ tó ń jẹ́ "France and Germany". Nítorí náà, ẹ̀yin tí mẹ́dàlì bàbá àgbà yín ṣì wà nínú àpótí, ẹ gbé e jáde kí ẹ kà á. Ó ti sọ ibi tí bàbá lọ fún yín láti ọjọ́ yìí.

Báwo wá ni orúkọ Hitler ṣe lẹ̀ mọ́ ọn? Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, orúkọ ọkùnrin yẹn ló kún inú ìwé ìròyìn. Ìjọba amúnisìn ń sọ fáwọn èèyàn pé bí Hitler bá borí, ẹrú ni gbogbo wa yóò dà, wọ́n sì ń gba owó ìrànwọ́ ogun kiri ìlú. Oṣù kejìlá ọdún 1941 ni Jàpáànù tó wọ ìjà náà mọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní ọdún méjì nígbà náà tí a ti ń pè é ní ogun Hitler, a kò sì ní sọ ọmọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ọdún kejì ogun Hitler ni wọ́n bí wọn, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí wọn nìyẹn títí wọ́n fi lọ. N kò rí àṣìṣe nínú ìyẹn. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti gbé Hitler fúnra rẹ̀ wọ inú igbó Bọ́mà.

Nǹkan mìíràn tún da ọ̀rọ̀ náà rú: Ogun Jámánì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Ìyẹn, Jámánì gidi ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa bá jà níbẹ̀, ní Kamẹrúùnù, ẹ̀yìnkùlé wa níbí. Ogun ìgbà àwọn bàbá ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ Bọ́mà. Nígbà tí ìtàn bá ti kọjá lẹ́nu ìran mẹ́ta, ogun méjì a máa di ọ̀kan.

Kí wọ́n tó lọ Bọ́mà pàápàá, Ítálì ni àwọn sójà Nàìjíríà kọ́kọ́ kojú nínú ogun kejì yìí. Ní 1941, lẹ́yìn tí Mogadishu ní Sòmálíà bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n gbéra, wọ́n sì dé Jijiga ní Etiópíà láàárín ọjọ́ 17, ọ̀nà tó lé ní 1,100 kìlómítà. Abalti, tí ẹ mọ̀ sí bárékè lẹ́bàá Ojúẹlẹ́gba, ibi tí wọ́n ti jà ní Etiópíà lọ́dún náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Àwọn bárékè wọ̀nyí ní ẹ̀rí tiwọn láti jẹ́. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ bí kọ̀ńdọ́tọ̀ ṣe ń pe Dodan l'Ọ́báléńdé. Arakan wà l'Ápápá. Letmauk wà n'Íbàdàn, lápá Mọ́kọ́lá. Ẹ lọ sí Kàdúná, ẹ óò bá Dalet àti Kalapanzin. Ní Sáríà, Chindit. Gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ogun Bọ́mà ló bí wọn. Odò ni Kalapanzin, Arakan sì ni odindi agbègbè etí òkun tí ìjà náà ti gbóná jù fún àwọn èèyàn wa. Ẹ ò ní rí bárékè Berlin níbì kankan. Àwọn tó ti ogun dé mọ ibi tí wọ́n ti bọ̀, àwa la gbàgbé.

Jàpáànù gba Síngápọ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1942, wọ́n wọ Rangoon lọ́jọ́ 8 oṣù kẹta, wọ́n sì lé Gẹ̀ẹ́sì padà sí Índíà. Láti padà wọ Bọ́mà, Gẹ̀ẹ́sì ń wá ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ rin igbó níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Wọ́n wá ronú pé kò sí aláwọ̀ dúdú tí kò mọ igbó. Ẹ̀rín nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó, òkè Ọya ni wọ́n ti wá, níbi tí igbó bẹ́ẹ̀ kò sí. Ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó lé ní 80,000 ló lọ, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Ọ̀wọ́ ńlá méjì (division) ni wọ́n pín wọn sí, 81 àti 82. Àmì ọ̀wọ́ 81 ni aláǹtakùn dúdú, Ànáńsí àwọn ará Gánà (bó bá ṣe pé àwa ni wọ́n bi, ìjàpá là bá yà). Wọ́n dorí rẹ̀ kodò sápá aṣọ, kó lè jẹ́ pé nígbà tí sójà bá na ọwọ́ yin ìbọn, iwájú ni aláǹtakùn náà yóò kọjú sí. Àmì ọ̀wọ́ 82 ló wù mí jù: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká. Òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù o! Ìyẹn ni àwọn kan ṣe máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn pé aláàárù lásán ni wọ́n. Wọ́n ru ẹrù lóòótọ́. Láfonífojì odò Kaladan ní Arakan, tí ẹrù kò bá gun orí èèyàn, kò sí bó ṣe máa dé iwájú. Ọta ìbọn wà nínú ẹrù náà, àwọn tó yìn ín wà lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù bíi 120 kìlómítà gba orí òkè kan sí òmíràn kí wọ́n tó wọ àfonífojì yẹn. Nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ tán, báálù ló ń ju oúnjẹ sí wọn láti òkè.

Lọ́dún náà ni Jàpáànù gbìyànjú láti wọ Índíà gba Imphal àti Kohima. Nǹkan bí 30,000 ló kú nínú wọn, ebi àti àìsàn ló sì mú ọ̀pọ̀ lọ. Bí ìyẹn ṣe ń lọ lọ́wọ́, bàtálíọ́nù mẹ́ta láti Nàìjíríà, 6, 7 àti 12, wà lára àwọn Chindit tí wọ́n fi báálù gbé lọ sẹ́yìn ọ̀tá, nínú igbó tí ẹni tó bá ṣèṣe kò mọ̀ bóyá òun yóò tún rí ilé. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945, Myohaung bọ́ sọ́wọ́ ọ̀wọ́ 81. Ti àwọn ọ̀nì erékùṣù Ramree ní Bọ́mà tí wọ́n ní wọ́n jẹ ẹgbẹ̀rún sójà Jàpáànù lóru ọjọ́ kan, ẹ yáa fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìtàn alẹ́.

Ẹnì kan máa sọ pé, ṣebí ọ̀kan náà ni Hitler àti Jàpáànù? Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pọ̀ ní 1940, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jàpáànù ti ń ja ogun tirẹ̀ ní Ṣáínà láti 1937, kí Hitler tó yin ìbọn kan sí Póláǹdì. Oṣù kejìlá ọdún 1937 yẹn ni wọ́n wọ Nanjing, tí wọ́n ń pa àwọn tó ti jọ̀wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń fipá bá obìnrin lò láti ilé dé ilé. Ilé ẹjọ́ tó jókòó ní Tokyo lẹ́yìn ogun sọ pé àwọn tó kú lé ní 200,000. Ní Bọ́mà fúnra rẹ̀, wọ́n fi ẹrú la ọ̀nà rélùwéè 415 kìlómítà láti Siam (Thailand òde òní) láàárín 1942 sí 1943. Ó lé ní 12,000 ẹlẹ́wọ̀n ogun tó kú sídìí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Éṣíà tó kú sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó kú níbẹ̀ ni ìtàn máa ń rántí jù.

Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1945 ni Hitler pa ara rẹ̀. Jámánì túúbá ní oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ 7 oṣù keje, sójà Jàpáànù wọ abúlé Kalagon ní Bọ́mà, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ jọ, wọ́n ń gún wọn ní ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, wọ́n sì ń sọ wọ́n sínú kànga. Nǹkan bí 600 èèyàn. Ta ni ẹ fẹ́ kọ ìyẹn sí lọ́rùn, Hitler tó ti kú láti oṣù méjì?

Ẹni tí mo máa ń rántí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Bàbá Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ iṣẹ́ ológun, ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tó fara pa ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, lẹ́bàá odò Kaladan, Jàpáànù ṣíná ìbọn bò wọ́n láàárọ̀. Egungun itan wọn kán, ìbọn tún bà wọ́n níkùn. Àwọn Jàpáànù kó ẹni tó lè rìn lọ, wọ́n fi bàbá sílẹ̀ níbẹ̀ pé kí ikú wá mú wọn. Àwọn ará abúlé ló ń gbé oúnjẹ wá, lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, gbé wọn àti David Kagbo, ọmọ Sàró, wọ ilé rẹ̀ pa mọ́. Bí Jàpáànù bá mọ̀, ilé náà parun. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejìlá. Kìrìsìtẹ́nì láti ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, nínú ilé Mùsùlùmí Arakan, tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ bàbá lọ fún ìdílé náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni bàbá wọlẹ̀. Ẹ̀yà Shuyiman ni àwọn tí a ń pè ní Rohingya lónìí, tí wọ́n lé àwọn tó lé ní 700,000 nínú wọn kúrò nílé láti 2017.

Bí ẹ bá sì ń wá Yorùbá tó gbé ìjà dé ilẹ̀ Hitler lóòótọ́, ó wà. Akin Shenbanjo wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń lọ ju bọ́ǹbù lóru. Wọ́n kọ ọ́ sára báálù tí wọ́n ń gbé lọ pé "Achtung! The Black Prince". Àwọn bíi tirẹ̀ kò pọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ kí bàbá ọ̀rẹ́ mi nílé, mo sì sọ ọ́ fún wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé agolo bisikíìtì tí mẹ́dàlì náà wà nínú rẹ̀ wá. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Jàpáànù wo lo wí? Àwọn tó ṣe mọ́tò mi tó wà níta yẹn?"

"Àwọn náà ni, sà."

Wọ́n wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Àbájọ tí Bàbá kò fi gbà kí n rà á."